Ìkìlọ̀: Wọ́n Ń Ha Nọ́ńbà Kúrò Lára Táyà Kẹ̀kẹ́ Kí Wọ́n Tó Tà Á Fún Wa

Ẹ̀yin èèyàn mi tí ẹ ń gun kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ wà n'Ìbàdàn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka èyí kí ẹ tó ra táyà. Òǹtàjà kan wà tó ń ta táyà tí kò bá kẹ̀kẹ́ mu fáwọn oníbàárà, ó sì mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni.

Táyà 28 × 1½, ti kẹ̀kẹ́ àtijọ́ táwọn bàbá wa ń gùn lọ sóko, ló kún ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Èyí tí ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ń lò, tí wọ́n ń kọ 700C tàbí 28 × 1⅝ × 1⅜ sí lára, kò sí níbẹ̀. Bí ẹ bá ti ní 28 lẹ fẹ́, èyí tó wà nílẹ̀ ló máa gbé fún yín: "28 ni 28, kí lẹ tún ń wò?" Irọ́ ni! Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 28 lóòótọ́, àmọ́ ọ̀kan fi mìlímítà 13 tóbi ju èkejì lọ níbi tó ti ń jókòó sára ríìmù.

Nọ́ńbà tí kì í tanni jẹ ni èyí tó ní ìlà kékeré láàárín, bíi 37-622 (ti 700C) tàbí 40-635 (ti 28 × 1½). Ti ìṣáájú ni bí táyà ṣe fẹ̀ tó, ìyẹn ṣì ṣeé yí díẹ̀, bí kò bá ti ní máa ha fọ́ọ̀kì. Ti ìkẹyìn ni ìwọ̀n ríìmù, kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ rárá. Òun gan-an lọkùnrin yìí ń ha kúrò. Táyà tó tà fún àbúrò mi ń dán bíi bàtà ọjọ́ ọdún. Nígbà tí mo fi àkísà àti omi ọṣẹ nù ún, pólíìṣì dúdú ló ń bọ́, ojú ibi tó ti ha á sì yọ, ó rí págunpàgun lábẹ́ àtàǹpàkò. Ó fi 40 àti ìlà kékeré yẹn sílẹ̀, ó ha 635 dànù.

Ohun tó fi ń mú èèyàn ni pé táyà tó tóbi máa ń wọ ríìmù wẹ́rẹ́. Ọwọ́ lásán lọmọ iṣẹ́ rẹ̀ fi wọ̀ ọ́, ó fún un ní afẹ́fẹ́ díẹ̀, ó ní ó ti parí. Nílé, bí àbúrò mi ṣe ń fi pọ́ǹpù kún un, táyà gbé apá kan sókè, túúbù yọ síta, ó bẹ́ gbàù. Ká ní orí eré ló wà ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Mọ́kọ́lá ńkọ́? Nígbà tó dá a padà, wọ́n ní afẹ́fẹ́ ló fi pọ̀ jù, wọn ò dá kọ́bọ̀ padà fún un.

Ẹ̀yin oníkẹ̀kẹ́ 26, nọ́ńbà ìkẹyìn tó wọ́pọ̀ lára tiyín ni 559 àti 590, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Kódà 26 × 1.75 àti 26 × 1¾ kì í ṣe ọ̀kan náà, bó ti wù kí ìṣirò wọn bára mu. Tàwọn ọmọdé, 20, náà ní 406 àti 451.

Ẹ gbé táyà àtijọ́ yín dání lọ sọ́jà, kí ẹ sì fọwọ́ pa ẹ̀gbẹ́ tuntun náà kí ẹ tó sanwó. Èyí tí nọ́ńbà ìkẹyìn rẹ̀ kò bá hàn, ẹ má rà á. Bó bá sì ti wà lára kẹ̀kẹ́ yín báyìí, ẹ má gùn ún jáde: ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ lónìí.