Monkey Island àbí King's Quest V: èwo ni kéèyàn kọ́kọ́ fi ṣeré?

1990 làwọn géèmù orí kọ̀ǹpútà méjèèjì yìí jáde, àwọn tó ń ṣàyẹ̀wò géèmù sì yìn wọ́n. King's Quest V, àwòrán ẹ̀ rẹwà gan-an, àmọ́ ó le o: tébi bá pa Graham, ẹni tóo ń darí nínú géèmù náà, lórí òkè yìnyín tóo wá jẹ́ kó jẹ páì ọwọ́ ẹ̀, ó parí nìyẹn, torí páì yẹn gan-an lo máa jù lu yeti, ẹranko abàmì orí yìnyín, níwájú, àfi kóo padà sí ibi tóo ti sééfù tẹ́lẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn lọ́jọ́ yẹn.

Monkey Island kì í pa èèyàn, àyàfi tóo bá pẹ́ ju ìṣẹ́jú 10 lọ lábẹ́ omi. Èébú ni wọ́n fi ń ja ìjà idà ẹ̀, ẹni tó bá mọ èsì fọ̀ ló ń borí, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an!

Tó bá jẹ́ alẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ nìkan lo ráyè, mú Monkey Island, èyí tí wọ́n tún ṣe lọ́dún 2009 tiẹ̀ máa ń tọ́ni sọ́nà; tóo bá ní sùúrù tóo sì ń sééfù léraléra, King's Quest V.