Kébù Tírákà àbí Mọ́tímítà: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Láti Fi Mọ Wáyà Tí Kò Ní Àmì?

Àìmọye ilé ló wà ní Adó-Èkìtì, láti Ajílósùn dé Ìjìgbò, tó jẹ́ pé ẹni tó fa wáyà sí i kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ẹ ṣí ibi tí bréékà wà, wáyà pupa lẹ máa bá níbẹ̀, pupa lé pupa, kò sí èyí tó ní àmì. Oníṣẹ́ iná tó ṣe é lè ti kó lọ sí Èkó tàbí kó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Bí sọ́kẹ́ẹ̀tì kan bá wá kú, tàbí tí ẹ bá fẹ́ ya iná yàrá kan sọ́tọ̀ fún ìńfátà, ẹ nílò ohun tó máa fi hàn yín pé wáyà tó jáde níbí náà ló wọlé lọ́hùn-ún.

Nǹkan méjì ni wọ́n sábà máa ń tà fún iṣẹ́ yìí: kébù tírákà, tó ń fi ohùn wá wáyà, àti mọ́tímítà, mítà tó ń wọn iná, tó sì ń ké bí wáyà kò bá já. Mo ní méjèèjì, mo sì ń lò wọ́n. N kò ní ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí wọn fún yín. Ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti ń já èèyàn kulẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, torí ibẹ̀ ni owó ti ń jáde lápò.

Méjì mìíràn wà tí ọlọ́jà á tún fi lọ̀ yín. Èkíní ni tẹ́sítà oníbírò tó ń dún bí ẹ bá gbé e sún mọ́ wáyà. Ó dára, ẹ rà á, àmọ́ bóyá iná wà nínú wáyà nìkan ló lè sọ. Kò mọ ibi tí wáyà ti wá. Èkejì ni èyí tí wọ́n ń kì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á wá fi ọ̀pá rẹ̀ wá bréékà tó ń bọ́ ọ. Púpọ̀ nínú wọn, Amẹ́ríkà ni wọ́n ṣe é fún, níbi tí iná ilé ti jẹ́ 120 fóòtì. Tiwa jẹ́ 230, sọ́kẹ́ẹ̀tì wa sì jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta irú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Bí wọn kò bá kọ 230 sí i lára, ẹ má sanwó.

Ohùn tó ń ràn

Apá méjì ni tírákà ní. Ọ̀kan á máa rán ohùn sínú wáyà. Èkejì, ọ̀pá tó ní ẹnu ṣóńṣó, á máa gbọ́ ohùn náà láti òde láìbó wáyà lára. Lórí tábìlì ọlọ́jà, ó máa ń wú èèyàn lórí gan-an. Wáyà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, kò sí ohun tó máa ṣì í lọ́nà.

Nínú ilé wa, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Wáyà ẹyọ ẹyọ ni àwọn oníṣẹ́ iná wa ń tì bọ páìpù, ti yàrá mẹ́ta sí mẹ́rin á sì jọ gba inú páìpù kan náà kọjá lókè àjà. Bí wáyà bá fẹ̀gbẹ́ kẹ̀gbẹ́ rìn jìnnà bẹ́ẹ̀, ohùn tí ẹ fi sínú ọ̀kan á ràn mọ́ àwọn yòókù, bí òórùn ọbẹ̀ ṣe ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá ayálégbé. Ọ̀pá yẹn kò lè dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Ó ti gbọ́ ohùn, ó sì ń ké.

Ohun tó ná mi lówó nìyí. Pọ́ńbù omi ilé wa kọ̀, a sì fẹ́ mọ wáyà rẹ̀ níbi bréékà. Oníṣẹ́ iná pa gbogbo iná, ó so tírákà mọ́ wáyà náà lẹ́yìnkùlé, a gbé ọ̀pá dé inú ilé. Wáyà mẹ́rin ló dún. Ó yí ohùn sílẹ̀, méjì ṣì ń dún, ọ̀kan fi díẹ̀ ga ju èkejì lọ. Ó di èyí tó ga jù mú. “Ẹ̀gbọ́n, òun nìyí.” A tan iná padà, a wọn wáyà yẹn níbi bréékà, iná pé síbẹ̀. A lọ wo ti pọ́ńbù, kò sí iná. Ohun tí gbogbo wa gbà nígbà náà ni pé wáyà ti já nínú ògiri. Wọ́n fi ṣísẹ́ẹ̀lì la ògiri láti ojú fèrèsé dé òkè àjà, wọ́n tú páìpù síta, wáyà inú rẹ̀ kò ní àbùkù kankan.

Ìgbà tí a fi mọ́tímítà wá a la tó rí i pé wáyà kejì, èyí tí ohùn rẹ̀ kéré, ni ti pọ́ńbù. Níbi bréékà gan-an ni ìdè rẹ̀ ti tú, ẹnu wáyà ti yọ díẹ̀ kúrò lábẹ́ ìdè, kò sì kan bàbà mọ́. Skrudíráfà nìkan ló gbà. Sìmẹ́ǹtì, ọ̀dà àti owó ọwọ́ bíríkìlà tí mo san lórí ògiri yẹn ju owó tírákà fúnra rẹ̀ lọ, inú ṣì ń bí mi sí i.

Ẹni tó bá ti ní tírákà lè dín ìràn ohùn yìí kù. Ẹ pa bréékà gbogbo, torí bàbà tó so wọ́n pọ̀ lè gbé ohùn dé ara wáyà gbogbo ilé. Ẹ fi ẹnu kan tírákà há wáyà tí ẹ ń wá. Ẹnu kejì, ẹ má fi há wáyà tó jọ ń bá a lọ, ara ẹ́ẹ̀tì (wáyà tó so mọ́ irin inú ilẹ̀) ni kí ẹ fi há, torí wáyà méjì tó sún mọ́ra máa ń pa ohùn ara wọn. Àmọ́ ilẹ̀ olókùúta la wà. Níbòmíràn nínú Adó, irin ẹ́ẹ̀tì kì í wọlẹ̀ jìnnà kó tó kan àpáta, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ sì rèé, ilẹ̀ gbígbẹ kì í gba iná dáadáa, ohùn á wá rọ. Ọ̀nà kan tún wà láti yẹ̀ ẹ́ wò: bó bá jẹ́ wáyà méjì lẹ so tírákà mọ́, kí ẹnìkan fi etí méjèèjì kan ara wọn ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Bó bá jẹ́ àwọn lóòótọ́, ohùn á kú. Bí kò bá kú, ẹ ò tíì rí i.

Irú tó ń lo ohùn díjítà wà, bíi IntelliTone ti Fluke Networks, tó mọ ohùn tirẹ̀ yàtọ̀ sí ariwo iná. Wáyà nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni wọ́n torí rẹ̀ ṣe é, owó rẹ̀ kì í sì í ṣe kékeré.

Mọ́tímítà

Èyí kì í gbọ́ nǹkan kan láti òde. Iná bàtìrì rẹ̀ gbọ́dọ̀ gba inú bàbà kan lọ kó sì padà kó tó ké. Ẹ wá wáyà ẹlẹ́yọ kan tó gùn láti ibi bréékà dé yàrá tó jìnnà jù, ẹ so etí rẹ̀ kan mọ́ wáyà tí ẹ fẹ́ mọ̀ nínú yàrá, ẹ wá fi mítà kan etí kejì àti àwọn wáyà ibi bréékà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá ké, òun ni. Ẹ lẹ téèpù mọ́ ọn lójú ẹsẹ̀, kí ẹ kọ orúkọ yàrá sí i, kí ẹ tó bọ́ sí òmíràn.

Ó ní ibi tó ti lè tan yín o. Orí irin kan náà ni wáyà dúdú gbogbo ilé, èyí tí iná ń gbà padà, ti pàdé. Bí ẹ kò bá tú èyí tí ẹ ń wò kúrò níbẹ̀, dúdú gbogbo ló máa ké. Ẹ yọ gílóòbù àti gbogbo ohun tó wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú.

Ó ń gba àkókò, mi ò lè jiyàn ìyẹn. Kò sì lè sọ ibi tí wáyà gbà kọjá nínú ògiri. Bí ẹ bá fẹ́ lu ògiri nítorí eesí, tírákà ló máa ràn yín lọ́wọ́, bí kò bá ṣe inú páìpù onírin ni wáyà náà wà.

Iná tó ṣì wà nínú wáyà

Tírákà tó wọ́pọ̀, wáyà tó ti kú ni wọ́n ṣe é fún. BEDC, ilé iṣẹ́ iná wa, lè ti mú iná lọ, kí jẹnẹrétọ̀ wà ní pípa, kí ìńfátà sì ṣì máa rán 230 lọ sí pálọ̀. Ẹ so tírákà mọ́ irú wáyà bẹ́ẹ̀, ó lè jó, ó sì lè ṣe ẹni tó dì í mú ní jàǹbá. Mọ́tímítà ló máa kọ́kọ́ sọ fún yín bóyá iná wà níbẹ̀: ẹ yí i sí fóòtì AC (irú iná tó ń wọ ilé) kí ẹ tó yí i sí ibi tó ń ké. Ẹ ra èyí tí wọ́n kọ CAT III 600V sí lára, àmì pé ó ní ààbò tó fún iná ibi bréékà, kì í ṣe èyí tí wáyà rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìránṣọ.

Wáyà díìsì, kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì

Níbí, tírákà borí. Ẹ máa fi rí wáyà DStv ayálégbé kan láàárín èyí tó kún orí òrùlé kí mọ́tímítà tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ yọ wáyà lẹ́yìn dikódà, torí dikódà máa ń rán 13 tàbí 18 fóòtì gòkè lọ sí díìsì.

Ní ti owó, mọ́tímítà wà tí owó rẹ̀ kò tó ti tírákà tó dára. Ní ti bàtìrì, irú onígun mẹ́rin 9 fóòtì ni púpọ̀ nínú méjèèjì ń lò. Tírákà tí bàtìrì rẹ̀ ti rẹ̀ ń pa irọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ní ti ẹni tó máa lò ó, tírákà rọ ẹni tó dá wà lọ́rùn.

Èwo ni kí ẹ rà?

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ kámẹ́rà àti nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni iṣẹ́ òòjọ́ yín, ẹ ra tírákà, ẹ ò ní kábàámọ̀ rẹ̀. Bó bá jẹ́ iná ilé tí ẹ ń gbé, tàbí ilé bàbá yín ní Ìkẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ tún ṣe, ẹ kọ́kọ́ ra mọ́tímítà àti wáyà gígùn. Tírákà lè dúró di ìgbà tí owó bá ṣẹ́ kù. Àní ẹni tó bá ti ní tírákà, kó má jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ kan ògiri títí mọ́tímítà yóò fi gbà pé wáyà yẹn ni.

Nínú ṣọ́ọ̀bù, ẹ yí mọ́tímítà sí ibi tó ń ké, kí ẹ fi ẹnu ọ̀pá rẹ̀ méjèèjì kan ara wọn léraléra. Ó gbọ́dọ̀ ké lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ tí wọ́n bá kan ara. Bó bá ń lọ́ra, ẹ dá a padà kí wọ́n mú òmíràn wá.