BMW E46 àbí Mercedes 190E: èwo ni kí ará Ògbómọ̀ṣọ́ rà?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kówó jọ láti ra spọ́ọ̀tì káà, tó sì jẹ́ pé Ògbómọ̀ṣọ́ tàbí Ọ̀yọ́ níbí lẹ ti fẹ́ máa wà á, ohun tí mo máa sọ fún yín ni pé bọ́dì ni kẹ́ ẹ rà, ẹ má torí ẹ́ńjìnnì ra mọ́tò. Ẹ́ńjìnnì tó bá kú, ẹ máa rí tòkunbọ̀ míì ní Ládípọ̀ ní Mushin tàbí ní Àràrọ̀mí ní Gáàtì n'Íbàdàn, wọ́n á gbé e wá, mẹkáníìkì á so ó, ó parí. Ṣùgbọ́n bọ́dì tó ti ní jàǹbá rí, tí wọ́n ti fa ṣásí ẹ̀ tí wọ́n wá fi pọ́tì bò ó, kò sí páńẹ́lì bítà tó lè dá a padà sí bó ṣe jáde ní ilé iṣẹ́, taya á máa jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mọ́tò á máa fà sí ẹ̀gbẹ́ tẹ́ ẹ bá ti ń sáré, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí tírélà kún bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe ibi téèyàn á ti máa bá sítíárì jà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú E46, ìyẹn ọ̀kan nínú àwọn BMW 3 Series. BMW ṣe é láti 1998 títí dé 2006, 330i ni mo fẹ́ràn jù, tàbí 330Ci tó jẹ́ onílẹ̀kùn méjì. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀ jẹ́ lítà 3.0, sílíńdà mẹ́fà tó tò tẹ̀lé ara wọn lórí ìlà kan, agbára ẹṣin 231, taya ẹ̀yìn ló sì ń tì í, gíà ọlọ́wọ́ ẹ̀ máa gbé yín láti orí òdo dé 100 kìlómítà ní wákàtí kan láàárín ìṣẹ́jú àáyá bíi mẹ́fà ààbọ̀. Ohùn ẹ́ńjìnnì yẹn tó bá ti gòkè, orí mi máa ń wú. Wàhálà ẹ̀ ni omi. Ike ni wọ́n fi ṣe àpótí omi ẹ̀ àtàwọn ibi tí họ́ọ̀sì ti wọlé, ooru tiwa níbí sì máa ń jẹ́ kí ike yẹn gan, á bẹ́ lójú ọ̀nà, bẹ́ ẹ bá sì ń wà á lọ nígbà tó ti gbóná, torí pé alumíníọ̀mù ni búlọ́ọ̀kì àti orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, orí á tẹ̀, ihò nọ́ọ̀tì á jẹ. Nítorí náà bẹ́ ẹ bá rà á, kí ẹ tó ra rímù, kí ẹ tó ra spíkà, ẹ kọ́kọ́ pààrọ̀ rédíátọ̀, pọ́ǹpù omi, thermostat àti gbogbo họ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. Èkejì, ẹ gbé e sókè kẹ́ ẹ wo ibi tí wọ́n ti so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ ilẹ̀ mọ́tò, páànù ibẹ̀ máa ń ya lára E46, tó bá ti ya ẹ fi sílẹ̀, mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó rẹwà.

190E ní tiẹ̀, 1982 sí 1993 ni. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín, èyí tó pọ̀ níta, 2.0 àti 2.3 lásán, kì í sáré tó E46 rárá. Èyí tó lókìkí ni 2.3-16 tí Cosworth, ilé iṣẹ́ aṣẹ́ńjìnnì ará Gẹ̀ẹ́sì, bá wọn ṣe orí ẹ́ńjìnnì ẹ̀, agbára ẹṣin 185, òun ló sáré 50,000 kìlómítà ní Nardò ní Ítálì lọ́dún 1983 tí eré ẹ̀ sì lé ní 247 ní wákàtí kan, òun náà ni Ayrton Senna, awakọ̀ ìdíje ọmọ Brazil, fi borí àwọn àgbà awakọ̀ ní Nürburgring ní Jámánì lọ́dún 1984. Bí ẹnì kan bá ní òun ní in, ẹ wo gíà, tó bá jẹ́ gíà ọlọ́wọ́, nọ́ńbà kìn-ín-ní ẹ̀ máa wà nísàlẹ̀ lápá òsì, torí pé àkọlé ẹ̀yìn bọ́ọ̀tù kì í ṣe ẹ̀rí kankan, ẹnikẹ́ni lè rà á lẹ̀ mọ́ ọn.

Àmọ́ fún ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ ara ẹ̀ tún mọ́tò ṣe díẹ̀díẹ̀, 190E ni mo máa mú lójú méjèèjì, kódà 2.3 lásán yẹn. Ìdí ni pé òun àti V-boot, ìyẹn Mercedes W124, jọ ń lo ẹ́ńjìnnì kan náà àti ọ̀pọ̀ páàtì, mẹkáníìkì tó ti tọ́jú V-boot láti ọdún yìí wá kò ní máa wò ó bí àjèjì, kò sí kọ̀ǹpútà rẹpẹtẹ tí rìwáyà á máa wá kiri. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ẹ̀ lágbára, ó máa fara da bọ́ǹpù táwọn ará àdúgbò fi sìmẹ́ńtì mọ fúnra wọn. Ẹ sá fún èyí tí wọ́n ti yọ injection ẹ̀ tí wọ́n fi kábúrétọ̀ sí i, kẹ́ ẹ sì wo abẹ́ bátìrì àti ibi tí wọ́n ti ń ki jáàkì bọ̀ ọ́, ìpẹtà máa ń sá pamọ́ síbẹ̀.

Mustang ńkọ́? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ló ń fẹ́ ẹ, pàápàá ẹ̀yin ọmọ LAUTECH. V6 ti 2005 sí 2009, lítà 4.0, agbára ẹṣin 210 péré, tí ṣéènì tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì yẹn bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo, àfi kí wọ́n sọ ẹ́ńjìnnì kalẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ló sì ti ní jàǹbá l'Ámẹ́ríkà kí wọ́n tó gbé e wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ fi nọ́ńbà ṣásí oníka 17 yẹn wá a lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ẹ lè rí fọ́tò ẹ̀ níbi tó ti rún. Mazda MX-5 dùn mọ́ mi gan-an, àmọ́ tí wọ́n bá gbé onísítíárì ọ̀tún wá fún yín, ẹ kọ̀ ọ́, apá ọ̀tún ojú ọ̀nà la ti ń wakọ̀ ní Nàìjíríà láti 1972, ọwọ́ òsì ni sítíárì sì yẹ kó wà, ìwé ẹ̀ máa dà yín láàmú.

Owó tẹ́ ẹ ní, ẹ má kó gbogbo ẹ̀ sórí ríra. Ìdá mẹ́ta ni kẹ́ ẹ pín in sí, ìdá méjì fún mọ́tò, ìdá kan fún páàtì, ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á.

Tẹ́ ẹ bá ń lọ wò ó, ẹ mú mẹkáníìkì tiyín dání, àárọ̀ kùtù ni kẹ́ ẹ dé ibẹ̀, ẹ fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì. Tó bá ti gbóná, ẹni tó ń tà á ti tan án kẹ́ ẹ tó dé, ẹ jókòó títí á fi tutù kẹ́ ẹ tó ní kó tún un tàn, kẹ́ ẹ wá wo sálẹ́ńsà. Èéfín búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì. Èéfín funfun tí kò dáwọ́ dúró lẹ́yìn tí mọ́tò ti gbóná, omi ló ń wọ sílíńdà. Tí bọ́dì ẹ̀ bá mọ́, ẹ ṣì lè rà á, àmọ́ ẹ yọ owó ẹ́ńjìnnì míì kúrò nínú iye tó pè é, tí kò bá gbà, ẹ máa bọ̀ nílé.