Họ́ọ̀bù tí mo ń lò ní Ìjẹ̀bú-Òde: ohun tí ojú mi rí láàárín oṣù mẹ́sàn-án

"Ṣé dísù jẹnẹrétọ̀ wà?"

Ohun tí mo bi ọmọbìnrin tó máa ń jókòó sí ẹnu ọ̀nà họ́ọ̀bù náà, ibi tí àwa tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ti ń sanwó lo iná àti Wi-Fi, nìyẹn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ Ọjọ́rú, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún ọdún 2025. Mo tètè dé lọ́jọ́ náà nítorí ìpàdé tí mo ní. Ó ní, "Ó wà, àǹtí." Nígbà tí mo jẹun ọ̀sán tán tí mo padà wọlé, mo tún bi í. Ó ní, "Ẹ fọkàn balẹ̀, ó wà." Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mọ́kànlá, iná lọ. Inverter gbé wa fún bí ìṣẹ́jú méjì, òun náà kú. A ń retí kí jẹnẹrétọ̀ dún. Kò dún.

Iṣẹ́ ìwé owó ni mò ń ṣe fún ilé-iṣẹ́ kan ní Toronto, ní Kánádà. Lásìkò yẹn, aago mọ́kànlá àárọ̀ tiwọn ni aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tiwa. Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo fẹ́ ṣàlàyé ìṣirò oṣù mẹ́ta fún àwọn ọ̀gá mẹ́ta tí n kò rí rí, àwọn ni wọ́n sì máa pinnu bóyá wọ́n á tún àdéhùn mi ṣe fún ọdún kan sí i. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ojú ewé kejì ni. Bátìrì ṣì wà nínú láptọ́ọ̀pù mi, ṣùgbọ́n Wi-Fi ti bá iná lọ, ògiri yàrá yẹn sì nípọn débi pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì fóònù kì í wọ ibẹ̀.

Mo sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé. Mo bá ọmọkùnrin tó ń tọ́jú jẹnẹrétọ̀ níbẹ̀, ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání, ó ń mì í. Òfìfo ni. Ó wò mí, ó ní, "Àǹtí, láti ọjọ́ Ajé ni o." Láti ọjọ́ Ajé! Ọ̀gá wọn ló ṣèlérí pé òun á fi owó dísù ránṣẹ́, wọ́n wá fi ìlérí ọ̀gá dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni pé dísù ti wà nínú kẹ́ẹ̀gì. Inú bí mi débi pé ojú mi ṣú.

Mo gbé láptọ́ọ̀pù mọ́ àyà, mo sọdá títì. Ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ kan wà lódìkejì tí mo kàn máa ń kí wọn bí mo bá ń kọjá. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá kí wọ́n ṣe ọdún Ojúde Ọba, ẹni tó bá sì mọ Ìjẹ̀bú mọ ohun tí télọ̀ máa ń fojú rí lásìkò náà. Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ méjì, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra, ló kó aṣọ wọn síbẹ̀, aṣọ ga dé ojú fèrèsé, maṣíìnì mẹ́fà ń ro lẹ́ẹ̀kan náà. Páńẹ́lì sólà wà lórí òrùlé wọn. Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́ mà, iṣẹ́ mi fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi." N kò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá náà kò bi mí léèrè ohunkóhun. Ó yíjú sẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ẹ dúró ná. Gbogbo yín." Maṣíìnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà dákẹ́. Ó fọwọ́ gbá àjákù aṣọ kúrò lórí tábìlì tí wọ́n fi ń gé aṣọ, ó ní kí ọmọ kan gbé àga wá fún mi. Mo tan dátà fóònù mi, mo padà wọ ìpàdé. Ìṣẹ́jú mẹ́jọ ni wọ́n fi wá mi tì.

Ìṣẹ́jú méjìdínlógójì ni mo fi sọ̀rọ̀. Ẹnikẹ́ni kò tẹ maṣíìnì. Wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ gán etí aṣọ, wọ́n ń fi ojú bá ara wọn sọ̀rọ̀, ní àkókò tí wọ́n ń fi òru kún ọ̀sán kí aṣọ àwọn oníbàárà wọn lè pé. Nígbà tí mo parí, mo fẹ́ fún Alhaja ní 5,000 náírà. Ó ká ìka mi mọ́ owó náà: "Dá a padà sápò. Bó bá jẹ́ ọmọ tèmi ló wà ní ìlú onílùú ńkọ́?" Mo sunkún. Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn pé Ojúde Ọba tó máa kẹ́yìn nígbà ayé Ọba Síkírù Adétọ̀nà, Awùjalẹ̀ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, ni wọ́n ń ránṣọ rẹ̀ yẹn. Ní ọjọ́ 13 oṣù keje ni Kábíyèsí wàjà.

Mo pe ọ̀gá họ́ọ̀bù ní aago mẹ́fà. Kò gbé e. Mo tún pè é ní méje, ní méje ààbọ̀. Ó gbé e ní aago mẹ́sàn-án kọjá, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣe sùúrù, nǹkan le." Mo ní nǹkan le fún èmi náà, ṣùgbọ́n 40,000 náírà mi kì í pẹ́ ju ọjọ́ kìíní oṣù lọ kó tó wọ àpò rẹ̀. Mo ní kó dá 2,000 náírà ọjọ́ kan péré padà. Ó ní owó tó bá ti wọlé àwọn kì í jáde mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju iná tó lọ.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi ní kí ló dé tí n kò padà sí Yábà ní Èkó, níbi tí mo ti gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ka owó. Ilé yàrá kan tí mo gbé ní Yábà ti di 1,100,000 náírà lọ́dún kí n tó kúrò. Rúùmù àti pálọ̀ tí mo ń gbé ní Ìjẹ̀bú-Òde jẹ́ 280,000. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á sọ pé mo jèrè 820,000. Kò rí bẹ́ẹ̀. Band A, ìpele tí iná rẹ̀ ń pẹ́ jù tí owó rẹ̀ sì ga jù, ni wọ́n fi àdúgbò wa ní Yábà sí, wákàtí ogún lójúmọ́ ni iná gbọ́dọ̀ wà, àwa là ń san án: ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé yúnìtì kan láti náírà 68 lọ sí 225 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àdúgbò mi níbí kì í ṣe Band A. Owó iná mi kéré, iná náà sì kéré. Iná tí n kò rí rà sí mítà, ọwọ́ họ́ọ̀bù ni mo ti ń rà á: 480,000 lọ́dún, kí a tó fi owó kún un ní oṣù kọkànlá. Ó ku 340,000. Bí mo bá wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó lẹ́ẹ̀kan lóṣù, 8,000 ni àlọ àti àbọ̀, ó ku 244,000. Èrè mi gan-an nìyẹn, ó sì wúlò fún mi, àmọ́ ó di asán lọ́jọ́ tí dísù ò bá sí.

Dátà kò yàtọ̀ láti ìlú sí ìlú. Ó gbówó lórí níbi gbogbo láti ìgbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn ilé-iṣẹ́ fóònù, ti fọwọ́ sí àfikún owó tó tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Mo lo ọdún kan ní Sàgámù kí n tó wá síbí. Bí láptọ́ọ̀pù bá bàjẹ́ láàárọ̀, mo lè lọ sí Computer Village ní Ìkẹjà kí n sì ti dé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní aago méjì ọ̀sán. Láti Ìjẹ̀bú-Òde, odindi ọjọ́ ló ń gbà mí. Àwọn ará Rẹ́mọ tí mo bá gbé ṣe mí dáadáa. Ṣùgbọ́n aago mẹ́fà ni họ́ọ̀bù tí mo rí níbẹ̀ ń tilẹ̀kùn, aago mẹ́fà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ìdajì iṣẹ́ mi. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ni mo fi ń parí rẹ̀ nílé, owó epo tí mo ń rà lóṣù sì ju 40,000 yìí lọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ìyẹn Ọjọ́bọ̀, mo lọ kó ẹrù mi ní họ́ọ̀bù. Mo bá ọ̀gá níbẹ̀, ó dá ọmọbìnrin ẹnu ọ̀nà dúró láàárín yàrá, ó ń bá a wí lójú gbogbo èèyàn pé ó purọ́ fún oníbàárà. Ọmọ náà ń sunkún. Ara mi kọ̀ ọ́. Mo ní, "Ta ló ní kó máa sọ pé ó wà?" Ọ̀gá dákẹ́. Mo tún un bi. Ó wolẹ̀, ó ní, "Èmi ni." Ó bẹ ọmọ náà lójú wa, ó bẹ èmi náà. Láti ọ̀sẹ̀ kejì ni pátákó kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n ń kọ iye lítà dísù tó wà nílẹ̀ sí láràárọ̀. Ọmọbìnrin yẹn ló ń kọ ọ́, tó bá sì jẹ́ lítà mẹ́ta ló kù, mẹ́ta ló máa kọ. Mo ti rí òdo níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sílé lọ́jọ́ méjèèjì, inú ò bí mi.

Ní oṣù kọkànlá, Kánádà yí aago wọn padà, iṣẹ́ mi wá di aago mẹ́ta ọ̀sán sí mọ́kànlá alẹ́. Àwa mẹ́rin lọ bá ọ̀gá, ó gbà kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí di mọ́kànlá ààbọ̀, a fi 5,000 kún owó wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ọdẹ máa ń tan tọ́ọ̀ṣì sin wa dé ibi tí ọlọ́kadà wa ti ń dúró, kì í sì í padà títí ọ̀kadà á fi gbéra. Ní Yábà, n kò rí irú rẹ̀ rí.

Àga wọn ṣì ń dun ẹ̀yìn mi. Omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kì í yọ lẹ́yìn aago mẹ́jọ alẹ́, mo ti sọ ọ́ tó ìgbà márùn-ún. Wọn kò dá 2,000 náírà mi padà títí di òní, n kò sì tíì gbàgbé rẹ̀. Ìkọ́kọrẹ́ tí ìyá kan ń gbé wá ní aago méje alẹ́ dára gan-an, ẹja yíyan rẹ̀ pọ̀, 1,500 ni àwo kan.

Mo fún Ìjẹ̀bú-Òde ní mẹ́jọ nínú mẹ́wàá, Sàgámù ní mẹ́fà, Yábà ní márùn-ún. Họ́ọ̀bù yìí, mẹ́rin ni mo fún un, ọjọ́ 28 oṣù karùn-ún yẹn ló jẹ ìyókù. Mo ti san ti oṣù mẹ́ta tó ń bọ̀ sílẹ̀.