Rédíò tàbí pọ́díkáàsì fún apàlọ́ àti onílù Ilé-Ifẹ̀?

Rédíò ṣì lágbára nílé wa. Ìyá tó ń ta iṣu lọ́jà kò nílò dátà kó tó gbọ́ Orisun FM 89.5. Ṣùgbọ́n ètò tó bá ti kọjá, ó kọjá nìyẹn.

Pọ́díkáàsì, ìyẹn ètò ohùn orí íntánẹ́ẹ̀tì, ni mo fara mọ́ jù fún ẹni tó ń wá olùgbọ́ tí yóò dúró tì í. Ẹ gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan, ọmọ Ifẹ̀ tó wà ní Kánádà yóò gbọ́ ọ nígbà tó bá wù ú. Àlọ́ 30 ìṣẹ́jú, ní mono (ohùn ojú ọ̀nà kan) àti 64 kbps (ìwọ̀n dátà tí ohùn ń lò ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), kò ju nǹkan bíi MB 14 lọ. Ti dùndún yàtọ̀: ẹ lo 128 kbps, ó kéré tán, kẹ́ ẹ sì gbé máìkì jìnnà díẹ̀ sí ìyá ìlù kí ohùn má baà fọ́. Ẹni tó bá ráyè dé orí rédíò, kó polówó pọ́díkáàsì rẹ̀ níbẹ̀.