Lésà tí mo fi ń pa irùngbọ̀n mi: ibi àkọ́kọ́ jó mi, ibi kejì ló gbà mí

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o, obìnrin ni mí, mo sì nírùngbọ̀n. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi ń fi bíléèdì fá a ní ìdájí kí ọkọ mi tó jí, tó bá fi máa dalẹ́ ó ti tún ń gún ọwọ́ bí ìgbálẹ̀, àgbọ̀n mi wá kún fún bọ́m̀pù àti àpá.

Ibi tí mo kọ́kọ́ lọ ṣe lésà, ìyẹn iná tí wọ́n fi ń pa irun, mi ò ní dárúkọ wọn, owó pọ́ọ́kú ni wọ́n gbà, wọn ò bi mí ní nǹkan kan, wọn ò tiẹ̀ bò mí lójú, wọ́n kàn gbé maṣíìnì lé mi lágbọ̀n. Kílẹ̀ tó mọ́ ó ti lé ròrò bí ẹni tómi gbígbóná dà sí lára, oṣù mẹ́ta ni àpá yẹn fi wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn ẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé dúdú inú irun ni iná lésà máa ń wá, àwa tí awọ wa náà dúdú ńkọ́, á jó o pọ̀ ni.

Ibi tí mò ń lọ báyìí ní Súrúlérè, dókítà awọ ara gangan ló jókòó tì mí, ó bi mí bóyá nǹkan oṣù mi ń wá déédéé torí họ́mónù ló máa ń fa irùngbọ̀n obìnrin míì, ó ní kí n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀. Irú lésà kan tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG ni maṣíìnì tiwọn, ìgbì iná ẹ̀ gùn tó 1064 nanometer, ìyẹn máa ń wọlé jìn, kì í fi bẹ́ẹ̀ bá awọ jà. Ẹ̀gbẹ́ etí ni wọ́n ti kọ́kọ́ dán an wò, wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.

Ó ń dunni o! Bí ìgbà tí wọ́n ń fi rọ́bà ta ẹ́ lára, ta ta ta, òórùn ẹ̀ wá dà bí ìgbà tí wọ́n ń fi iná jó irun àgbò iléyá. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti lọ, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà síra wọn, torí irun tó ń hù lọ́wọ́ nìkan ló ń rí pa. Mo lè fá a, àmọ́ mi ò gbọdọ̀ tu ú. Nínú irun mẹ́wàá, bíi mẹ́ta ló kù, ìyẹn náà rọ̀ bí irun ọmọ tuntun. Ẹni tó bá ní kò ní hù mọ́ láéláé ń tàn yín ni, tèmi ṣì máa nílò àtúnṣe lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjà tí mo bá wọn jà ò ju ti àkókò lọ, aago mẹ́wàá ni wọ́n dá fún mi, aago kan ni wọ́n pè mí.

Màámi fẹ́ bá mi lọ, mo ní ẹ fowó yín sápò mà, irùngbọ̀n tiyín ti funfun, lésà ò ní rí i. Wọ́n bínú, wọ́n ní ta ló rán mi kí n máa wo àgbọ̀n àwọn.