Jẹnẹrétọ̀ àlòkù lórí Jiji, Facebook àti WhatsApp ní Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ: ibi tó ṣeé rà, ibi tí owó ti ń wọmi

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún la fún Jiji, méjì fún Marketplace ti Facebook, ọ̀kan ṣoṣo fún àwọn tó ń polówó lórí sítátọ́ọ̀sì WhatsApp. Kì í ṣe pé ọjà ibẹ̀ ò dáa. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, jẹnẹrétọ̀ ti di ẹrù igun ilé fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Ẹni tó bá fara balẹ̀ máa rí ẹ̀rọ tó mọ́ra rà láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, pàápàá ní Àgọ́-Ìwòyè lásìkò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbáńjọ (OOU) bá ń kẹ́rù kúrò nílé tí wọ́n háyà. Ohun tó bu ìràwọ̀ wọn kù ni pé nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sí èyí tó ń bá yín di owó mú títí ọjà á fi dọ́wọ́ yín. Pátákó ìpolówó lásán ni wọ́n. Tí owó bá ti kúrò ní àkáǹtì yín, ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀yin àti ẹni tó gbà á.

Jiji fi gba ìràwọ̀ tó pọ̀ jù nítorí pé ẹ lè sọ pé ìpínlẹ̀ Ògùn nìkan lẹ fẹ́ rí, kẹ́ ẹ tún mú Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣágámù nínú ẹ̀. Ó máa ń fi iye ọdún tí ọlọ́jà ti lò níbẹ̀ hàn, ó ń sàmì sí ẹni tó ti fi ìwé ìdánimọ̀ sílẹ̀, àwọn oníbàárà sì lè kọ ohun tójú wọn rí. Àmì yẹn ò sọ pé jẹnẹrétọ̀ náà ń ṣiṣẹ́ o. Kò jùyẹn lọ pé wọ́n ti rí ìwé ẹnì kan. Ti Facebook fẹjú, ọjà pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n àkáǹtì tí wọ́n jí gbé ò lóǹkà. Ẹ wo ọdún tí ọlọ́jà dé orí Facebook. Tó bá jẹ́ oṣù tó kọjá, tí kò sì sí nǹkan mìíràn lójú ìwé ẹ̀ ju ọjà lọ, ẹ fò ó.

WhatsApp ló burú jù nítorí pé orúkọ ẹni tẹ́ ẹ mọ̀ ló máa wà lórí ẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi ń kó lọ sí Kánádà, gbogbo ẹrù ẹ̀ la fẹ́ tà ní pọ́ọ́kú": jẹnẹrétọ̀, fìríìjì, tẹlifíṣọ̀n, gbogbo ẹ̀ ní ìdajì owó. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹnì kan ti tan onífóònù gba nọ́ńbà mẹ́fà tí WhatsApp fi ránṣẹ́ sí i, ó sì ti gba orí ìkànnì ẹ̀ lọ. Ẹ má fi WhatsApp béèrè, olè náà ló máa dáhùn. Ẹ pe onítọ̀hún lórí fóònù gan-an, kẹ́ ẹ gbọ́ ohùn ẹ̀.

Jìbìtì tó ń mú àwọn ọlọgbọ́n pàápàá ni ti alárinà. Báyìí ló ṣe ń lọ. Ẹnì kan rí ìpolówó jẹnẹrétọ̀ tòótọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́, ó da àwòrán ẹ̀ kọ, ó wá gbé e sí ibòmíràn ní owó tó rọjú. Ẹ̀yin pè é. Ó ní ilé àbúrò òun ló wà, kẹ́ ẹ lọ wò ó, ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ má bá àbúrò òun sọ̀rọ̀ owó torí pé gbèsè wà láàárín àwọn. Ó tún pe ọlọ́jà gidi, ó ní òun ń rán ọmọ iṣẹ́ òun bọ̀ wá wo ẹ̀rọ, kó má dárúkọ owó fún un. Ẹ débẹ̀, ẹ rí jẹnẹrétọ̀, ó ń ṣiṣẹ́, ọkàn yín balẹ̀. Ẹ sanwó fún ẹni tẹ́ ẹ ń bá sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Ẹni tó dúró níwájú yín ò gba kọ́bọ̀, kò sì ní jẹ́ kẹ́ ẹ gbé e. Ohun kan ṣoṣo ló ń ba jìbìtì yìí jẹ́: kẹ́ ẹ là á mọ́lẹ̀ lójú ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ pé, "Eélòó lẹ̀ ń tà á? Àkáǹtì ta ni mo máa san án sí?" Ọlọ́jà tó bá ní kẹ́ ẹ má bẹ̀ẹ̀rè owó ti sọ irú ẹni tóun jẹ́.

Ti wébíìlì ò gba àlàyé púpọ̀. "Èkó ni mo wà, ẹ san ìdajì, mo máa fi í sí mọ́tò tó ń bọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde." Ẹ má san án. Tẹ́ ẹ bá san án, "dírẹ́bà" kan máa pè lọ́la, á ní wọ́n dá mọ́tò dúró lójú ọ̀nà, kẹ́ ẹ fi owó díẹ̀ sí i. Kò sí dírẹ́bà, kò sí mọ́tò. Àwọn tó ń ní àwọn ń ta ẹrù tí Kọ́sítọ́ọ̀mù gbà, inú ìdílé kan náà ni wọ́n.

Ẹ̀ka kan wà tá ò ní fún ní ìràwọ̀ rárá, ìyẹn àwọn tó ń polówó ìbọn lórí Telegram àti Facebook. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ èyí tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ ní láìgba àṣẹ Ààrẹ. Ìbọn ọdẹ ti òyìnbó gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ Ọ̀gá Àgbà Ọlọ́pàá, ṣakabùlà pàápàá ní ìwé tirẹ̀. Kò sí ọlọ́jà tó bófin mu tó máa di ìbọn sínú páálí, tá á fi ránṣẹ́ sí garéèjì Ṣágámù. Àwọn oníjìbìtì fẹ́ràn ọjà yìí nítorí pé ẹni tí wọ́n lù ò lè lọ fẹjọ́ sùn, ẹlòmíràn á sì tún pè lẹ́yìn náà, á ní ọlọ́pàá lòun, kó wá fowó bo àṣírí. Bí ìbọn ìléwọ́ bá sì dé lóòótọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá ó kéré tán ló wà nídìí ẹ̀.

Ó kù ká yẹ ẹ̀rọ wò. Jiji máa ń gbani nímọ̀ràn pé ká pàdé níbi tí èrò wà. Fún fóònù, ó dáa. Fún jẹnẹrétọ̀, kò wúlò, ẹ ò lè tan án níwájú báńkì. Ẹ lọ ní ọ̀sán, kẹ́ ẹ jẹ́ méjì, ilé ọlọ́jà ni tàbí ṣọ́ọ̀bù oníṣẹ́ jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ mọ̀. Kẹ́ ẹ tó gbéra, ẹ sọ fún ọlọ́jà pé kó má tan án. Bẹ́ ẹ bá dé, ẹ fọwọ́ sún mọ́ ẹńjìnì. Tó bá ti móoru, ó ti tan án sílẹ̀ kẹ́ ẹ má bàa rí i pé títan án nígbà tó bá tutù ló ń dà á láàmú. Ẹ jókòó kó tutù.

Ẹ fa okùn ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ná láìtan án. Ó yẹ kó dá ọwọ́ yín dúró níbì kan. Tó bá ń yọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí okùn kànga, rìngì tàbí fáàfù inú ẹńjìnì ti lọ. Ẹ fa igi tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì jáde: ọ́ìlì tó funfun bí ògì ti po mọ́ omi, èyí tó ń dán wínníwínní ní irin nínú, ẹńjìnì ti ń jẹ ara ẹ̀. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ fa ṣóòkì, kẹ́ ẹ tan án. Ìfà mẹ́ta sí mẹ́rin tó. Èéfín díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Èyí tó bá ń rú ní àwọ̀ búlúù láìdáwọ́ dúró, ọ́ìlì ló ń jó, iṣẹ́ rìngì ni. Dúdú sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, kábúrétọ̀ tàbí fítà afẹ́fẹ́ ló dọ̀tí.

Níbi ìdánwò ẹrù ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìṣe. Wọ́n á fi gílóòbù kan tàbí ṣájà fóònù dán an wò, wọ́n á ní ó dáa. Ẹ gbé ẹrù tiyín lọ. Àwọn kan ń lo áyọ́ọ̀nù, ṣùgbọ́n áyọ́ọ̀nù máa ń dákú tó bá ti gbóná tán, ẹ̀rọ á wá máa ṣiṣẹ́ lófìfo, ẹ̀yin á rò pé ó ń gbé e. Kẹ́túlù tómi kún tàbí sítóòfù oníná tí kì í dá ara ẹ̀ pa ló dáa jù. Fún jẹnẹrétọ̀ tí wọ́n kọ 2.5kVA sí lójú ibi tó ti sọ "Rated", ẹ kó ẹrù tó tó 1,500 wáàtì lé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹ má wo ibi tí wọ́n kọ "Max" sí, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló lè gbé ìyẹn, nọ́ńbà ńlá tó wà lára orúkọ ẹ̀ ò sì túmọ̀ sí agbára rárá. Láìsí ẹrù, fóótì yẹ kó wà láàárín 220 sí 240. Tó bá já sísàlẹ̀ 200 nígbà tí ẹrù wọlé, kọ́ìlì (wáyà wíwé tó ń mú iná wá) tàbí AVR (ohun tó ń mú fóótì dúró sójú kan) ló níṣòro, tàbí kó jẹ́ pé agbára ẹńjìnì ló dín kù. Tí ohùn ẹ̀ bá ń lọ sókè sódò láìdúró sójú kan, kábúrétọ̀ ni ẹ kọ́kọ́ fura sí. Èyí kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour" ò gbé ju nǹkan bíi 650 wáàtì lọ. Gílóòbù àti fáànù ni kẹ́ ẹ fi dán an wò. Ọ́ìlì ń wọnú epo tirẹ̀ ní ìdá kan sí àádọ́ta, ìyẹn 20ml sí lítà kan, nítorí náà ó máa rú èéfín díẹ̀.

Ẹ ní kí ọlọ́jà jẹ́ kẹ́ ẹ tú ìdérí ẹ̀yìn kẹ́ ẹ rí kọ́ìlì. Èyí tí wọ́n ti wé tún lè jẹ́ alumíníọ̀mù tí wọ́n kùn ní àwọ̀ kọ́pà. Ní ẹnu ibi tí wáyà ti jáde, ẹ fi ọ̀bẹ ha á díẹ̀: pupa ni kọ́pà, funfun ni alumíníọ̀mù. Ẹ má ha kọ́ìlì fúnra ẹ̀ o, torí ẹ máa bọ́ ohun tó dáàbò bò ó, á sì jóná.

Owó wá kàn. Ẹ tẹ nọ́ńbà àkáǹtì mẹ́wàá náà, orúkọ tó bá jáde gbọ́dọ̀ bá ti ẹni tó wà níwájú yín mu. "Àkáǹtì ìyàwó mi ni" kì í ṣe èsì, ẹ ní kí ìyàwó yọjú. Ẹ béèrè rìsíìtì, ẹ fi nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára ẹńjìnì wé e, kẹ́ ẹ sì kọ ìwé àdéhùn tó ní orúkọ, àdírẹ́sì, nọ́ńbà ẹńjìnì àti ìbuwọ́lùwé, torí pé ẹni tó ra ẹrù olè ń bá olè ṣẹjọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń tà, iye tó wà nínú àkáǹtì yín ni kẹ́ ẹ wò, ẹ má wo àláàtì tó wọ fóònù. Bí wọ́n bá ti lu yín, báńkì yín ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ pè, lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n lè ní kí báńkì kejì di owó náà mú. Tẹ́ṣàn lẹ máa lọ lẹ́yìn ìyẹn.

Kẹ́ ẹ tó gbé e sínú mọ́tò, ẹ fa bẹntiróòlù inú ẹ̀ jáde, kẹ́ ẹ pa kọ́ọ̀kù epo. Ẹ jẹ́ kó dúró lórí ẹsẹ̀ ẹ̀ dé ilé. Tó bá dùbúlẹ̀ sẹ́yìn káà, ọ́ìlì á wọ inú sílíńdà, á sì rin fítà gbingbin, yóò rú èéfín búlúù nígbà tẹ́ ẹ bá tan án, ẹ̀yin á máa pe ọlọ́jà ní olè láìnídìí. Ẹ da ọ́ìlì àtijọ́ nù lọ́jọ́ kejì. Ẹńjìnì 2.5kVA gba nǹkan bíi 0.6 lítà.